Dùùrù Ìjọ Wiekhaven

Òjò ti pa Tilman dé egungun lọ́jọ́ tó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá akọrin ìjọ Wiekhaven. Gesine, ọmọbìnrin ọ̀gá náà, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Tilman kò tiẹ̀ bèèrè iná tí yóò yá, ibi gbígbẹ tí yóò gbé ẹrù abíyá rẹ̀ sí ló bèèrè.

"Ìwé orin ni," ó ní. "Èmi fúnra mi á gbẹ bó bá yá."

Gesine bú sẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti pinnu pé òun ò ní rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin kankan tó bá wá du ipò bàbá òun. Àṣà ìlú wọn ni pé ẹni tó bá gba ipò ọ̀gá akọrin gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọbìnrin ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Volkmar, ọmọ àbúrò olórí ìlú, ti darí orin ìdánwò tirẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó sì wo Gesine tòkè-tilẹ̀ bí ẹni ń ra ewúrẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ló kan Tilman láti darí orin tí òun náà kọ, bàbá Gesine ni yóò sì tẹ dùùrù sí i.

Tilman ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀ fún un létí èbúté.

"Bí ẹ ò bá fẹ́ mi, Gesine, ẹ sọ kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé, n óò di ẹrù mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe ènì lórí iṣẹ́."

"Bí mo bá wá fẹ́ yín ńkọ́?"

"Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù á tó bà mí."

Ìfẹ́ ọkùnrin yìí kó sí Gesine lára, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ.

Àfi bó ṣe di ọ̀sán Sátidé tó rí ìwé orin náà níwájú bàbá rẹ̀. Dùùrù Wiekhaven máa ń dún ga ju fèrè lọ. Ẹni tó bá ń kọ orin fún wọn ní láti kọ ìwé onídùùrù sísàlẹ̀ díẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè bára mu. Dùùrù ìlú Tilman kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì bèèrè. Bákan náà ló kọ ti dùùrù àti ti fèrè. Bí bàbá bá tẹ ohun tó wà nínú ìwé, orin á dojú rú lójú gbogbo ìjọ, Volkmar á sì gba iṣẹ́ àti ìyàwó.

"O ò gbọdọ̀ sọ fún un," ni bàbá wí. "Ẹni bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ló dé tí kò bèèrè?"

"Bàbá mi, ayé tèmi náà lẹ fi ń dán an wò yẹn."

"Mo mọ̀."

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Gesine kò tíì ṣàìgbọràn sí bàbá rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó fa Tilman lápá lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, ó sì tú àṣírí náà fún un. Aago ti ń lù, kò sáyè àtikọ òmíràn. Tilman sáré gun àtẹ̀gùn lọ bá baba arúgbó nídìí dùùrù. Obìnrin kì í dé òkè yẹn, nítorí náà ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni Gesine dúró sí tó ń gbọ́ wọn.

"Bàbá, mo ti ṣàṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Tilman kàn tún ẹ̀bẹ̀ náà bẹ̀.

"Bó o bá dárúkọ ẹni náà, mo lè gbà."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lè dárúkọ rẹ̀."

Gesine kò lè farapamọ́ mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn.

"Èmi ni, Bàbá mi. Iṣẹ́ ò sí lọ́rọ̀ mi mọ́. Òun gan-an ni mo fẹ́."

Aago dákẹ́, ìsìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó lọ jókòó sáàárín àwọn obìnrin. Ìyá Volkmar wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ òun ti wà nílé aránṣọ. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọ̀gá akọrin kì í yí àmì orin kan padà nínú iṣẹ́ ẹlòmíì. Pásítọ̀ ka Ìhìnrere tán. Gesine fẹ́ gbàdúrà, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

Fèrè méjì kọ́kọ́ wọlé, wọ́n rọra ń bá ara wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni dùùrù dún.

Ó bá wọn mu.

Ojú baba arúgbó ń ka ohun kan, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ òmíràn, títí orin fi parí. Ìjọ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Gesine fọwọ́ bojú, ó ń sunkún. Ìgbìmọ̀ ìlú kò tíì jókòó, pásítọ̀ kò tíì kéde orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti fà á lé ọkọ lọ́wọ́.