Ẹṣin Tó Ń Tiro Bí Dókítà Bá Dé

Bàtà méjì ni Ẹlẹ́ṣin kọ́kọ́ rí lẹ́bàá géètì, àtẹ́lẹ̀ wọn kọjú sókè. Ó tún wò ó dáadáa, ó rí i pé obìnrin kan ló wà nínú bàtà náà, ó sùn gbọọrọ, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ nínú eruku.

“Yéè! Ẹ gbà mí o, ẹnì kan ti dákú!”

“Ta ló dákú?” ni obìnrin náà fèsì látinú eruku. “Ẹ má dúró o. Ẹ máa mú ẹṣin yẹn bọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ ni mò ń wò.”

Bí Dókítà àwọn ẹran ṣe dé àdúgbò wa nìyẹn. Ẹlẹ́ṣin ló ránṣẹ́ pè é, ṣùgbọ́n bàbá arúgbó onírùngbọ̀n ló ń retí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ bí àná ló rí lójú mi. Fèrèsé wa ló kọjú sí ilé ẹṣin náà. Èyí tí n kò fojú rí, àwọn méjèèjì ló padà sọ ọ́ fún mi, wọn ò sì sọ ọ́ bákan náà rí.

Má-kánjú là ń pe ẹṣin náà. Wàrà inú ìgò ni Ẹlẹ́ṣin fi tọ́ ọ dàgbà. Láti bí oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀ ń dùn ún, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Bí ẹsẹ̀ náà bá ti balẹ̀, á gbé orí sókè fìrì, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín èrò. Á tiro fún ọ̀sẹ̀ kan, á sàn, á tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá tó bí Ẹlẹ́ṣin ló ni ín. Alágbẹ̀dẹ ni Baba, òun ló ń kan bàtà irin mọ́ pátákò gbogbo ẹṣin àdúgbò. Ó sì ti sọ̀rọ̀: “Ìgbà méjì péré ni mo tún máa pààrọ̀ bàtà rẹ̀. Bí kò bá rìn lẹ́yìn ìyẹn, alápatà ló ni ín.”

Dókítà tẹ èjìká, ó tẹ orúnkún, ó gbá pátákò mú. Kò gbóná, kò wú. Má-kánjú ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Àpò Dókítà ló ń tú, ó sì rí kárọ́ọ̀tì níbẹ̀.

“Dókítà, kí lẹ rí?”

“Mo rí i pé olè ni ẹṣin yín.”

“Ẹ má bínú, èmi ni mo tọ́ ọ.”

“Ó hàn.”

Dókítà fún Ẹlẹ́ṣin ní ṣọ́ọ̀kì. Ọjọ́ tí ẹṣin bá tiro, kó fa ìlà sára ògiri; ọjọ́ tí Baba bá pààrọ̀ bàtà, kó kọ òdo. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Dókítà ń wá, kárọ́ọ̀tì ń bá a wá. Lọ́jọ́ kan àwọn méjèèjì dúró níwájú ògiri. Òdo méjì ló wà níbẹ̀, ìlà sì tò tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá.

Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé Baba máa ń wọ awò ojú?”

“Baba? Ó ní àwọn arúgbó ló ń wọ awò.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni Baba?”

“Méjìdínlọ́gọ́rin.”

Wọ́n wo ara wọn. “Ẹ̀yin lọmọ rẹ̀, ẹ lọ sọ fún un,” ni Dókítà wí.

“Ẹ̀yin sì ni dókítà.”

Dókítà ló lọ sọ fún Baba pé ìṣó rẹ̀ ń ṣìnà. Baba fò dìde. “Ìwọ ọmọ àná yìí! Ẹṣin tí mo ti kàn ní bàtà ju irun orí rẹ lọ! Jáde nílé ẹṣin mi! Alápatà ń bọ̀ ní Sátidé!” Kóòtù tó kọ́ sára òpó ló ń na ìka sí. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni Dókítà wà.

Dókítà lọ. Láti ọjọ́ náà, Ẹlẹ́ṣin ò jẹun, Má-kánjú ò jẹun.

Nígbà tó di Ẹtì, obìnrin náà padà wá sí ilé àgbẹ̀dẹ, ó kúnlẹ̀. “Baba, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dárí jì mí. Okùn àpò mi ló já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́ yìí.”

Inú Baba rọ̀. Ó fi itọ́ kan òwú. Ó di ojú kan, ó di èkejì. Ó jáde síta nínú oòrùn. Ó wọlé padà.

“Ta ló ṣe abẹ́rẹ́ yìí? Ọ̀lẹ ni! Kò lu ojú rẹ̀.”

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbà á, ó nà án sí Ẹlẹ́ṣin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, òwú wọlé.

Baba wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀mú. “Ẹ mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wá. Èmi tí mo kàn án náà ni màá yọ ọ́.”

Ìṣó kẹrin jáde ní dúdú, ó tutù, ọyún sì tẹ̀ lé e. Ó ti wọ ẹran ara. Baba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ ẹṣin náà mọ́ra. “Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Bó bá wù ọ́, ta mí nípàá. Ẹ̀ẹ̀kan péré o.” Má-kánjú sín sí i lórí. Baba ní kí wọ́n sọ fún alápatà kó má wá mọ́.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń rẹ ẹsẹ̀ náà sínú omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, wọ́n ń fi aṣọ dì í, wọ́n ń mú un rìn lórí koríko: ogún ìṣísẹ̀ lónìí, àádọ́ta lọ́jọ́ mìíràn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ń rìn, méje ló yá.

“Ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́?” ni Ẹlẹ́ṣin bi í lọ́jọ́ kan.

“Ọ́ kẹ̀? Àná, ‘yín’ ni mo jẹ́.”

“Àná, ẹ ò tíì rẹ́rìn-ín sí mi báyìí.”

Baba ra awò. Ó kan bàtà tuntun, gbogbo ìṣó gba ojú ọ̀nà rẹ̀. Má-kánjú ń sáré. Dókítà wá ní ìgbà ìkẹyìn láti dágbére. Bí ẹṣin náà ti gbọ́ alùpùpù rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí tiro.

“Ẹsẹ̀ òsì ni lónìí?” ni Dókítà wí. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn: ẹṣin rìn dáadáa. Ó yọjú: ẹṣin tiro.

Baba ti awò rẹ̀ sókè. “Látìgbà tí mo ti wọ nǹkan yìí, mo ti rí i pé ògiri mi dọ̀tí, ọmọ mi ti rù, ẹṣin mi sì gbọ́n jù ú lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti ní òun ò fẹ́ kí Dókítà lọ. Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ńkọ́?”

Ni Ẹlẹ́ṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí tiro. Ó tiro gba àárín àgbàlá kọjá, títí ó fi dé iwájú Dókítà.

“Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ọ́?”

“Méjèèjì. Mo sì ní láti máa rí dókítà lójoojúmọ́, títí tí màá fi kú.”

“Ìtọ́jú yẹn gùn o.”

“Mo mọ̀, olólùfẹ́.”

Dókítà tọwọ́ bọ àpò, ó yọ kárọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó kù, ó dá a sí méjì. Ó fún Má-kánjú ní ìdajì. Ó fi ìdajì kejì sí ọwọ́ Ẹlẹ́ṣin, kò sì mú ọwọ́ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Má-kánjú ló fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tó gbé ìyàwó wálé. Kò tún tiro mọ́. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ pè ti ń gbélé. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, ìlà ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára ògiri. Baba ò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni.