Ọmọ Inú Atẹ

Ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé rí kì í rùn bí ibi ìdáná, ṣùgbọ́n eléyìí ń rùn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí Rampha àti Thawin ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ wò ó, lẹ́yìn ìlú Nonthaburi, Rampha gbóòórùn ìrẹsì tó ń jó nísàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀dà ògiri kò tíì gbẹ tán, ọ̀rá ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ń ta ilé náà ní ọ̀dà ni. Rampha gbà á gbọ́, torí pé ó wù ú kó gbà á gbọ́.

Ó lóyún nígbà náà. Méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú èyí, kò sì sí ohun tó ń fẹ́ láyé ju pé kí èyí dúró.

Ilé kejì tí wọ́n wò jẹ́ àlòkù, ilé onípákó lẹ́bàá odò kékeré kan. Ìyá arúgbó tó ń tà á kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ọkọ òun kú sí, àti pé títí di òní ó ṣì máa ń bomi rin òdòdó láàárọ̀. Kì í yọ èèyàn lẹ́nu, kí wọ́n ṣáà máa kí i.

Màmá Chamoi, ìyá Rampha, fẹ́ràn ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Rampha ní òun kò lè gbé ọmọ tuntun sílé tí òkú ti ń bomi rin òdòdó. Ìyá rẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Òkú tí a mọ orúkọ ẹ̀? Ìyẹn ti di aládùúgbò. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, Rampha. Ta lo fẹ́ wò nínú tuntun yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Màmá. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ ẹ nìyẹn."

Tuntun ni wọ́n rà. Màmá Chamoi ní kí wọ́n gbé ilé kékeré orí òpó kalẹ̀ sí àgbàlá fún onílẹ̀, ẹ̀mí tó ni ilẹ̀ náà, kí wọ́n tan tùràrí, kí wọ́n sọ fún un pé àwọn ti dé. Thawin ní ojúbọ kan ti wà lẹ́nu géètì fún gbogbo àdúgbò, ó ti kárí gbogbo wọn. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ń wá ilé tí kò nítàn, ilẹ̀ tí kò nítàn ló yẹ kó kọ́kọ́ wá, ibo ló sì wà? Wọn kò gbé nǹkan kan kalẹ̀.

Nígbà mìíràn, bí Rampha bá fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ibi ìdáná, táìlì á rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹrẹ̀ oko ìrẹsì. Ibẹ̀ sì ni ọmọ inú rẹ̀ ti máa ń yíra jù. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń yíra, ó wà láàyè nìyẹn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó bí obìnrin. Gbogbo wọn ń pe ọmọ náà ní òbùrẹ́wà, bó ṣe yẹ, kí àwọn ẹ̀mí má baà fẹ́ràn rẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bí i, Màmá Chamoi tẹ́ ẹ sínú atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì. Sutjai, ẹ̀gbọ́n Thawin lóbìnrin, ló máa fi owó ẹyọ kan ra ọmọ náà, kí àwọn ẹ̀mí má baà kà á sí ọmọ tí kò lẹ́ni tó ni ín. Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá okùn bàtà rẹ̀ jà, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí Màmá Chamoi mi atẹ náà jẹ́jẹ́, tó sì kéde.

"Ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ ẹ̀mí ni. Ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ èèyàn ni. Ta ló ni ọmọ yìí? Kó wá gbé e."

"Èmi ni mo ni ín," obìnrin kan dáhùn láti ibi ìdáná.

Ohùn náà kò le. Ohùn ìyàwó ilé tó ti oko bọ̀, tó ti rẹ̀ ni. Owó ẹyọ kan já sínú atẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó dúdú, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ní ihò láàárín bíi ti owó ayé àtijọ́. Ti Sutjai ṣì wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n wo ibi ìdáná, kò sẹ́nì kan.

Màmá Chamoi gbé atẹ náà kalẹ̀. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ti kéde, ẹnìkan sì ti dáhùn, ó ti sanwó. Thawin kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ó ní ilé onípákó yẹn ṣì wà, wọn kò tíì tà á, wọn ò ní sun ibí mọ́jú. Ó kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀.

Bí wọ́n ṣe kọjá géètì, ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì le gbandi. Èémí rẹ̀ dúró, ètè rẹ̀ dúdú. Rampha ń gbá ọkọ rẹ̀ léjìká pé kó yí padà, kó yí padà. Ìgbà tí wọ́n padà wọ géètì ni ọmọ tó mí.

Rampha gbé e lọ tààrà sí ibi ìdáná, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. A ò kí yín ká tó wọlé. Ọmọ yín rèé. Ẹ jẹ́ ká máa bá yín tọ́ ọ."

Ọmọ náà yíjú kúrò láyà ìyá rẹ̀ sí ìhà ààrò, ó lanu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, ó ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yó, ó tú ẹnu sílẹ̀, omi ọmú sì ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Rampha kò tíì tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀.