Àlàáfíà Inú Ìwé

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlàáfíà ni."

Adébùsọ́lá gbé gègé dúró. Ìyá rẹ̀, Rebecca, jókòó sídìí maṣínnì ìránṣọ, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ara rẹ̀ lé ibi ìtẹ̀sẹ̀ bí ẹni gbé igi ìdáná. Ọjọ́ kẹrin nìyí tí ẹsẹ̀ náà kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Màámi, àlàáfíà wo? Ẹsẹ̀ yín tó kú yìí ńkọ́?"

"Ẹnu rẹ! Kò kú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mú ùwé yẹn, kí o kọ ohun tí mo ní kí o kọ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti sú Bùsọ́lá. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ lásán ni, tí wọ́n tẹ orúkọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n Dókítà Gbádégẹṣin ló ní kó máa kọ àìsàn ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, 1994, ojú òsì Rebecca ṣàdédé ṣú, òwú kò wọnú abẹ́rẹ́ mọ́. Ni wọ́n bá gbé e láti Àrámọkọ lọ bá dókítà yìí ní Ìbàdàn.

"Mo ń fura sí àìsàn kan," ni dókítà wí. "Ó ń bá iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara jà. Á wá, á lọ, á tún padà sí ibòmíràn lára. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá, n kò lè pè é lórúkọ. Ẹ̀rọ tí òyìnbó fi ń ya àwòrán ọpọlọ kò sí lọ́dọ̀ wa níbí. Nítorí náà, ọmọ mi, máa kọ ọjọ́ tó bá dé, ibi tó mú, àti ọjọ́ tó lọ. Ìwé rẹ ni ẹ̀rọ tiwa."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú là. Wàhálà dé! Àlàó onílé oògùn ní abẹ́rẹ́ òun ló ṣe é. Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá Bùsọ́lá, ní àgbo òun ni. Pásítọ̀ ní kí Rebecca wá jẹ́rìí, Rebecca sì jẹ́rìí tán pátápátá: ó jó yí ṣọ́ọ̀ṣì po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì pa ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà ni àìsàn kò ti láṣẹ láti padà mọ́. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí tán kó tún máa tiro wọ ṣọ́ọ̀ṣì?

"Bí mo bá lọ sí ọsibítù, wọn á ní mo purọ́ mọ́ Ọlọ́run," ni Rebecca wí, ó sì kọjú sí aṣọ tó ń rán.

Kí a má tan ara wa jẹ, ó rọ̀ Bùsọ́lá náà lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò àṣedánwò wọn fún WAEC. Bí wọ́n bá lọ sí Ìbàdàn, òun náà ni yóò tẹ̀lé ìyá rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta á sì lọ síbẹ̀. Inú ń bí i sí ìyá rẹ̀, inú ń bí i sí Pásítọ̀, síbẹ̀ ó tẹ gègé mọ́ ìwé, ó kọ "àlàáfíà". Nígbà tó yá, ọwọ́ Rebecca ló kàn, sísọ́ọ̀sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. WAEC ti bẹ̀rẹ̀. Bùsọ́lá kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n pàṣẹ fún un kó tó kọ "àlàáfíà".

Ní oṣù Keje, ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn pé. Rebecca ti jókòó kí dókítà tó wọlé, dókítà kò sì rí bó ṣe ń tiro. Dókítà ṣí ìwé náà. Àlàáfíà, àlàáfíà, àlàáfíà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ kú oríire! Ìfura mi kò tọ̀nà. Ojú yẹn nìkan ni." Ó fa lẹ́tà kan yọ láàárín fáìlì. "Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣèwádìí àìsàn yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí. A kò nílò rẹ̀ mọ́." Ó di lẹ́tà náà mú, ó fẹ́ fà á ya.

"Dókítà, ẹ má ya á," ni Bùsọ́lá wí. Ìyá rẹ̀ já a léèékánná lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. "Irọ́ ni mo kọ. Ẹsẹ̀ kú. Ọwọ́ náà kú."

"Bùsọ́lá! O fẹ́ dójú tì mí!"

Dókítà Gbádégẹṣin wo ìyá, ó wo ọmọ. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí! Oògùn wà tí mo lè fún yín nígbà tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kó lè tètè gbéra. Ta ni mo fẹ́ fún nísinsìnyí? Ta ni?"

Rebecca bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ̀rí tí mo jẹ́ ńkọ́, dókítà? Ṣé mo purọ́ mọ́ Ọlọ́run ni?"

"Ẹ ò purọ́ mọ́ Ọlọ́run, Màmá. Ojú yín là lóòótọ́, ẹ sì dúpẹ́. Èmi lẹ purọ́ fún." Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ tuntun kan. Kì í lé àìsàn yìí lọ, ó kàn ń jẹ́ kó dín wíwá kù. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, owó rẹ̀ sì le. N kò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣèwádìí ń wá àkọsílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, nítorí wọ́n rò pé àìsàn yìí kì í mú wa." Ó mú gègé. "Ó yá, Bùsọ́lá. Ọjọ́ wo ni ẹsẹ̀ kú?"

"Oṣù Kẹta, sà."

"Ọjọ́ wo?"

Bùsọ́lá wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ọwọ́ ńkọ́? Ọjọ́ wo ló dé, ọjọ́ wo ló lọ?"

Bùsọ́lá ronú títí. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánwò ìṣirò, ó rántí aago tí wọ́n wọlé, ó rántí nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀ pàápàá. Kò rántí ọjọ́ tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kú.

"N kò mọ̀, sà."

Dókítà gbé gègé sílẹ̀, ó sì ti lẹ́tà náà bọ inú dúrọ́ọ̀. "A jẹ́ pé kò lè lọ lọ́dún yìí. Wọn kì í gba 'bóyá' lọ́hùn-ún."

Ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sí Àrámọkọ dúró gbé èrò ní Ẹ̀fọ̀n. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n àrùn tí a fi pamọ́, ta ni yóò bá wa wò ó? Ìwé náà wà lórí itan Bùsọ́lá, ó kún fún àlàáfíà, ìyá rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èrò mìíràn lè jókòó.