Ẹja Orí Ògiri

Orí àkàbà ni Damaris ti kọ́kọ́ rí Oyèníran. Ó ń ya òkú ẹja ńlá kan sára ògiri gáréèjì Ẹ̀jìgbò, ọ̀dà aláwọ̀ ewé sì kún irùngbọ̀n rẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ tí kò nu ẹnu. Damaris dúró, ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ní àyà.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló pa ẹja yín?"

"Oògùn ikán tí ilé ìlagi ìjọba ń dà sódò Ìsúndúnrìn ni, sisí tíṣà."

"Ẹ̀rù àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba ò bà yín?"

"Ó ń bà mí. Ẹ ò rí i pé ìrù rẹ̀ wọ́?"

Damaris rẹ́rìn-ín títí ìwé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìsúndúnrìn ló ti ń kọ́ni, ó sì mọ àwọn ọmọ tí inú ń run nítorí omi náà. Láti ọjọ́ náà, kò tún gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti ṣèlérí níwájú Ọlọ́run pé àwọn yóò fẹ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n wolé-wolé ni Joseph, baba Damaris. Òun gan-an ni àwọn aláṣẹ rán láti pa àwòrán náà rẹ́. Ó po ẹfun, ó fi kun ògiri títí ó fi funfun báláú. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe Oyèníran.

"Kọ ọ́ sínú ìwé pé irọ́ lo yà, màá fún ọ lọ́mọ mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má tún tẹ ilé yìí."

Oyèníran dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá fi irọ́ fẹ́ ẹ, ojú wo ni n óò máa fi wò ó láràárọ̀?"

Ó dìde, ó lọ. Damaris sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì dúpẹ́ nínú ẹkún náà, nítorí ó mọ irú ẹni tí òun yàn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ológun kan wá láti Ìbàdàn, gbogbo ìlú tò sí gáréèjì láti kí i káàbọ̀. Òjò dé. Ọ̀dà elépo ni Oyèníran fi ya àwòrán rẹ̀, ẹfun olómi kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹfun náà ń ṣàn lọ bí omi ògì, ẹja sì yọ, tòun tìrù.

"Alihamudulilai!" Làmídì mẹkáníìkì ké. "Ẹja ti jíǹde o!"

Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè ohun tó pa ẹja náà, wọ́n sọ fún un, ó sì kọjú sí Joseph. "Wolé-wolé, ṣé òótọ́ ni?"

Joseph ronú kan iṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí òjò ń pa. Ó ṣí fìlà.

"Òótọ́ ni, sà. Mo rí odò náà, mo sì dákẹ́. Kí Olúwa dárí jì mí."

Ọ̀gá náà wakọ̀ lọ sódò lójú ẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé ìlagi ti dẹ́kun dída oògùn sódò. Wọ́n gbé Joseph lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Ará nítorí pé ó ti dákẹ́, ó sì ń kọrin bó ti ń di ẹrù.

Ní Oṣù Kejìlá, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ Damaris lé ti Oyèníran ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìsúndúnrìn. "Ọmọ mi," ló pe Oyèníran, omijé sì gba ìyókù.

Nígbà tí pásítọ̀ bi Damaris bóyá ó gbà, ohùn tó fi dáhùn mi àjà. Làmídì yọ orí lójú fèrèsé.

"Sisí, wọ́n ti gbọ́ yín ní ìlú Ọ̀lá o!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́," ni ìyàwó wí, ó sì tún un sọ.