Ta Ló Pa Sẹ́ẹ̀lì Chizuru?

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni Dókítà Minegishi Chizuru ṣí àpótí amóoru ní yàrá ìwádìí wọn ní Kyoto, tó bá gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní òkú. Oṣù mẹ́jọ ló fi bọ́ wọn lójoojúmọ́, àti Sátidé àti Sọ́ńdè, bí ẹni ń tọ́ ọmọ jòjòló. Òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí nìkan ni kò wá; ó ti bọ́ wọn sílẹ̀ ní Fúráìdè. Ó fẹ́ fi hàn pé ohun tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ bá ń jẹ ló ń pinnu àbùdá tí yóò ṣí àti èyí tí yóò tì. Ó ku ìdánwò kan ṣoṣo. Bí kò bá ṣe é, ìwé rẹ̀ kò ní jáde, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì parí lóṣù Mẹ́ta.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kuramochi, kò tilẹ̀ jẹ́ kó sunkún tán.

"Gáàsì ló tán lọ́jọ́ Sátidé," ó ní. "Wo sílíńdà, ó ti ṣófo. Lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, kí o máa palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà. Ẹni tí wọ́n pa lọ́mọ ni wọ́n tún ní kó lọ bẹ̀bẹ̀. Chizuru kò bẹ ẹnikẹ́ni. Òórùn ọtí tí wọ́n fi ń nu ọwọ́ ń jáde látinú àwọn abọ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà wà, ló bá ya fọ́tò wọn, ó sì pe ọlọ́pàá.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Tsuge dé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo. Ó bọ́ bàtà, ó wọ sílípáàsì yàrá náà, ó tẹjú mọ́ fọ́tò.

"Kí ni gáàsì ń ṣe fún wọn?"

"Òun ló ń jẹ́ kí omi oúnjẹ wọn pupa báyìí, mà," Chizuru dáhùn. "Bó bá tán, kò ní pẹ́ tí omi náà á fi di elésè àlùkò."

Tsuge yíjú sí Dókítà Nabeshima, ẹni tó ń lo àpótí kejì. "Ẹ̀yin lẹ wà níbí lánàá. Wọ́n ní ẹ̀ ń jowú rẹ̀."

"Ta ni kò ní jowú?" Nabeshima ní. "Ṣùgbọ́n èmi náà ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì, mo mọ ìyà ẹ̀. Mà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó wo ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá, ó pa ẹnu dé. Ìbẹ̀rù ọ̀gá ti sọ géńdé ọkùnrin di odi.

Tsuge kó gbogbo wọn jọ.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọjọ́ wo lẹ ní gáàsì tán?"

"Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni kí n sọ ọ́?"

"Ìgbà wo lẹ fọwọ́ ara yín bọ́ sẹ́ẹ̀lì kẹ́yìn?"

Inú bí i. "Mo ní àwọn ọmọ tó ń ṣe ìyẹn."

"Ibẹ̀ lẹ ti ṣubú. Bó bá jẹ́ Sátidé ni gáàsì tán, omi inú abọ́ ì bá ti di elésè àlùkò kí Chizuru tó dé. Fọ́tò ní pupa ni. Ẹnì kan da ọtí pa wọ́n, ó wá tú gáàsì dànù láàárọ̀ yìí. Àwọn méjèèjì yìí ń rí àwọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́, wọn kò lè pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́ ló lè pa á. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ̀wé pé oúnjẹ kò kan àbùdá. Ìwé yẹn ló sọ yín di olókìkí."

"Ọmọ àná," Kuramochi ní, "ló fẹ́ wó ilé tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́."

"Bó bá jẹ́ irọ́ ló ń pa, ẹ̀ bá jẹ́ kó ṣe ìdánwò náà kó dójú ti ara rẹ̀."

Kuramochi tẹrí ba fún ọlọ́pàá. "Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́."

Ilé iṣẹ́ ló rántí. Chizuru wá dúró síwájú rẹ̀. "Ẹ fi àforíjì sílẹ̀, ọ̀gá. Ṣé òótọ́ ni ohun tí mo rí, àbí irọ́?"

Kuramochi wo àwọn abọ́ òkú náà. "Òótọ́ ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè kí Nabeshima gbọ́. Òun ló máa jẹ́rìí mi fún àwọn olóòtú tó ń gbé ìwé ìwádìí jáde."

"Òótọ́ ni," ó tún wí.

Bóyá wọn yóò fi kún àkókò Chizuru, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ó fọ ọwọ́, ó kó abọ́ tuntun jáde, ó bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́jọ mìíràn.