Ìgò Kan Tó Kún fún Kòkòrò

Ẹsẹ̀ obìnrin kan méjèèjì ni ọkùnrin ahunní kan kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n nà gbalaja jáde láti inú ifèéfèé, koríko gíga etí àbàtà tó máa ń gé fi hun ẹní. Ó ju dòjé nù, ó figbe ta: "Yéè! Òkú rèé o!"

"Òkú wo?" Ohùn kan dá a lóhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ ti lé e lọ."

Obìnrin náà dìde, ẹrẹ̀ bò ó láti àyà dé orúnkún. Olùwádìí kòkòrò ni. Ó wo ojú ahunní, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀bọ̀ún-bọ̀ún kékeré kan ló ń wá, tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, dúdú minimini, tó ní ìlà pupa kan lẹ́yìn. Inú ọ̀pá ifèéfèé tó dúró nínú omi ló ń gbé, ní kọ̀rọ̀ àbàtà yẹn nìkan. Ẹnikẹ́ni ò tíì kọ̀wé nípa rẹ̀ rí. Òun ló fẹ́ kọ ọ́ fáyé kà: bó ṣe rí, ibi tó ń gbé, ohun tó ń jẹ.

"Arẹwà bíi tiyín, kòkòrò lẹ wá ń lé kiri?"

"Kòkòrò kì í parọ́ fún obìnrin."

Bí eré bí eré, ó di ojoojúmọ́. Ahunní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn nínú ẹrẹ̀ láìrì. Òun náà kọ́ ahunní bí wọ́n ṣe ń la ọ̀pá koríko láìpa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá ahunní pòṣé títí. "Ìyàwó tó ń dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀! Ṣé mo fẹ́ máa fọ aṣọ ẹ̀ ni?" Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tó di pé ibiṣẹ́ pe obìnrin náà padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di ahunní lọ́wọ́ mú. "Olówó orí mi ọ̀la, mi ò tíì rí akọ kòkòrò yìí, iṣẹ́ mi ò sì lè parí láìsí i. Gbogbo èyí tó o bá ti rí, bá mi kó o sínú ìgò ọtí kó má bàa jẹrà."

Ẹyin lọ̀rọ̀ o.

Ọkùnrin tí ìfẹ́ ń pa bí ọtí, iṣẹ́ tọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ náà ló ṣe. Ó pọ́n dòjé, ó wọ kọ̀rọ̀ náà, ó gé ifèéfèé láti ìsàlẹ̀ omi, ó la gbogbo ọ̀pá pátá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó wá wọ aṣọ tó mọ́, ó gbé ìgò tó kó wọn sí dání, ó lọ dúró de olólùfẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Obìnrin náà gba ìgò, ó yọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo àbàtà. Omi lásán ló rí.

"Ifèéfèé dà?"

"Mo gé e. Ṣebí inú ẹ̀ ni wọ́n wà."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "O ti kó gbogbo wọn tán," ló ń sọ ṣáá. "Háà, o ti kó gbogbo wọn tán." Kò dágbére kó tó lọ.

Ahunní lọ hú ifèéfèé lódìkejì àbàtà, ó gbìn ín sí kọ̀rọ̀ náà. Ó hù, ó ga. Kò sí kòkòrò nínú rẹ̀. Kò lè hunní mọ́. Ìyá tó ń pòṣé ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọmọ mi, lọ wá a lọ."

"Ìyá mi, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?"

Lọ́dún kejì, obìnrin náà wá fúnra rẹ̀, ó ti rù. Ó mú ìwé tó kọ lọ́wọ́, ó ka ìparí rẹ̀ sókè: kọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti rí kòkòrò náà, wọn kò sì rí i mọ́.

"Kọ orúkọ mi sí i," ni ahunní wí, ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Kọ ọ́ pé èmi ni mo pa wọ́n run."

"Orúkọ tèmi ni mo kọ. Èmi ni mo ní kó o kó gbogbo èyí tó o bá rí, mi ò sọ pé kó o ṣẹ́ ìkankan kù. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mo dákẹ́, mo jẹ́ kó o dá ẹ̀bi rù fún ọdún kan gbáko. Ó dùn mí, ojú sì ń tì mí. Dárí jì mí."

Ahunní fà á mọ́ra. "Ká jọ rù ú," ló wí. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ."

Ọdún kẹfà tí wọ́n ti fẹ́ra rèé. Lójoojúmọ́ lásìkò òjò, wọ́n á wọ inú omi, wọ́n á ya ifèéfèé sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á wò ó lọ́pàá kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì rí nǹkan kan.

"Ká máa lọ sílé, àbí?" ọkọ á bi í.

"Ó ku ìlà ifèéfèé kan," ìyàwó á fèsì, wọ́n á sì jọ wò ó.