Ayaba Dúdú Lórí Tábìlì Aránṣọ

Aránṣọ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá ní kí o wá gba aṣọ lọ́jọ́ Ẹtì, tí o sì dé lọ́jọ́ Ẹtì, orí ìkọ́ ni wàá bá a. Ó ti lọ̀ ọ́, ó sì ti gé gbogbo òwú tó yọ lára rẹ̀. Ká ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló mọ ni, n kì bá tí kọ ìwé pélébé yìí.

Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ kejì. Nínú dúróà tábìlì tó fi ń gé aṣọ, lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì àti tépù, ó kó káàdì pamọ́ síbẹ̀, irú èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń ta tẹ́tẹ́. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ ní ìránṣọ ló kọ́ ọ ní èyí náà. Oníbàárà á jókòó, á sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn. Aránṣọ á da káàdì pọ̀, á ní kó fa ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan náà ló máa túmọ̀ fún un. Àwọn èèyàn ń pè é ní Àǹtí Aríran, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Àwòrán tó wà lára ayaba inú káàdì ní orí méjì. Bí o dì í mú lókè tàbí o dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, ìkan náà ni wàá rí. Nítorí náà ni aránṣọ ṣe fi pẹ́ńsùlù fa àmì bíńtín sí etí kan lára káàdì kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ ibi tó jẹ́ orí. Àmì òkè ní ìtumọ̀ tirẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ayaba dúdú, èyí tí àwòrán ewé dúdú wà létí orí rẹ̀, opó ni. Bí àmì pẹ́ńsùlù bá wà lókè, opó tó ń fẹ́ àánú ni. Bó bá wà nísàlẹ̀, opó tó ń ba ilé onílé jẹ́ ni.

Mi ò sọ èyí fún ọ kí o lè kọ́ ọ. Páálí tí wọ́n kùn lọ́dà ni, kò sì mọ ẹni tó di òun mú. Mo sọ ọ́ kí o lè rí ohun tí obìnrin yìí ṣe dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá káfíńtà àdúgbò, àgbàlagbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Àgbà, mú aṣọ tí aránṣọ rán fún un padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó mọṣẹ́ pàápàá máa ń ṣàṣìṣe. Apá ọ̀tún aṣọ náà gùn ju ti òsì lọ.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, "apá tèmi dọ́gba o. Ta lo wọ̀n?"

Àwọn oníbàárà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi sílẹ̀, Mà. Màá tún un ṣe."

"Tún un ṣe. Ojú tó ń bá gbogbo ìlú wo ọ̀la, kó bá mi wo apá aṣọ lónìí."

Ẹ̀rín tún sọ. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò kọjá eyín. Ó tún aṣọ náà ṣe, ó dọ́gba. Ọkàn rẹ̀ ni kò dọ́gba.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó káfíńtà wọlé, ó di ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré mú lọ́wọ́. Ọmọ náà ń wúkọ́, gbogbo ara rẹ̀ ń mì.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ yìí ò sùn, èmi náà ò sùn."

"Ṣé o ti gbé e lọ sí ọsibítù?"

"Bàbá ẹ̀ ní ká ṣe sùúrù, òtútù ni."

"Ó dáa. Fa ẹyọ kan."

Ìyàwó káfíńtà fa ẹyọ kan, ó nà án sí i láìyí ojú rẹ̀ sókè. Aránṣọ gbà á, ó wò ó. Ayaba dúdú ni. Àmì pẹ́ńsùlù wà lókè.

Bí a bá fi ẹ̀kọ́ òfìfo tirẹ̀ gan-an wò ó, ohun tó yẹ kó sọ ni pé, "Opó kan wà nílé yín, ẹ ṣàánú rẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́sí ṣì ń dún létí rẹ̀. Kó tó fi káàdì náà sórí tábìlì, ó fi àtàǹpàkò yí i padà wẹ́rẹ́, àmì náà sì bọ́ sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí i. Irọ́ ni káàdì wíwò látilẹ̀, obìnrin yìí sì tún purọ́ lórí irọ́.

"Obìnrin àgbà kan ni mo rí," ló wí. "Kò lọ́kọ mọ́. Ó sún mọ́ ọmọ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò dárúkọ o."

Ohùn ìyàwó káfíńtà wálẹ̀. "Ẹ ò ní láti dárúkọ, Àǹtí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọmọ ń sùn."

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti kó ẹrù Ìyá Àgbà kúrò nínú ilé. Káfíńtà kì í ṣe ẹni tó lè fara da ariwo ìyàwó. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ sínú yàrá tó ń kó pákó sí lẹ́yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Wọ́n kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀, pé òun ló ń fa ikọ́ náà. Ọmọ tó ti ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ìkókó kọ́ bí a ti ń sá fún un.

Aránṣọ gbọ́. Ó tún rí i pẹ̀lú, nítorí iwájú ilé iṣẹ́ káfíńtà ló máa ń gbà lọ ra òwú. Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá pákó, eruku igi ti kún irun rẹ̀. Aṣọ tí apá rẹ̀ ti dọ́gba ló wọ̀.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́," ló wí. "Wò ó, ó ti bá mi mu. O ṣeun."

Láti ọjọ́ náà ni aránṣọ ti yí ọ̀nà padà. Ó ń gba ẹ̀yìn ilé lọ ra òwú, níbi tí ọ̀nà ti jìn tí ẹrẹ̀ sì pọ̀. Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó máa ń bá ara rẹ̀ rojọ́: mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n lé e jáde? Ó dá ara rẹ̀ láre títí, àre náà kò wọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ níbi tí kì í ti í gún un tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀.

Alágbàfọ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì tó fara kan tirẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, ó sì ti pè é wá sí ilé Ọlọ́run títí tí ìpè náà fi di ẹ̀fẹ̀ láàárín wọn.

"Kí ló dé tó o wá sọ ẹ̀yìn ilé di ọ̀nà?" ni alágbàfọ̀ bi í. "Ṣé ajá ẹnì kan ń lé ẹ ni?"

"Ṣé mi ò lè nasẹ̀ ni?"

"Nínú ẹrẹ̀. Kò burú. Ọjọ́ Ìsinmi ń bọ̀, bó o bá fẹ́ nasẹ̀ débi tó gbẹ."

Aránṣọ kó òwú rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó káfíńtà dé pẹ̀lú ojú tó wú. "Àǹtí, a ti gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Dókítà ní eruku igi ni. Fèrèsé yàrá tó ń sùn ló kọjú sí ibi tí bàbá ẹ̀ ti ń rẹ́ pákó. A ti tì í pa. Ọmọ ń sùn báyìí."

"A dúpẹ́."

"Ìyá wa ni kò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù láti àná. Inú eruku gan-an la gbé e sí, Àǹtí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ bá mi rántí káàdì ọjọ́sí. Kí ló sọ gan-an?"

Ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀kùn ṣí níwájú obìnrin yìí ní wákàtí náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá fi wọlé. Ẹ̀rù bà á. Ó ronú nípa orúkọ rẹ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì dáhùn pé:

"Káàdì ti sọ tiẹ̀. Ìwọ lo túmọ̀ ẹ̀ sódì. Ṣé mo dárúkọ ni?"

Ìyàwó káfíńtà tẹrí ba. "Òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é." Ó jáde lọ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí.

Nígbà tó lọ tán, aránṣọ rí ara rẹ̀. Ó ti gba ilé lọ́wọ́ opó, ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún ti di gbogbo rẹ̀ lé orí ẹlòmíràn. Kò rí àwáwí kankan mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ìkankan pamọ́, títí dórí àtàǹpàkò.

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ dúró. "Ó burú," ló wí. "Mi ò ní bá ẹ dín in kù."

"Mo rò pé o máa ní Ọlọ́run á gbójú fò ó ni."

"Kò gbójú fò ó. Ó fi Ọmọ rẹ̀ san án. Bó bá jẹ́ àṣìṣe lásán ni, kí ni Jésù ń ṣe lórí igi?"

Aránṣọ sunkún. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ tún un ṣe. Bí mo bá tún un ṣe tán, màá wá sọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ọwọ́ wo lo fẹ́ fi tún un ṣe? Ṣé ọwọ́ tó yí káàdì náà ni? Wá báyìí, pẹ̀lú ìdọ̀tí ẹ. Èmi náà, ṣé aṣọ tó ti mọ́ ni wọ́n ń kó wá bá mi?"

Wọ́n kúnlẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Aránṣọ kò mọ àdúrà gígùn. Ó ní, "Olúwa, èmi ni. Kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo ti purọ́ lórúkọ ohun tí kò mọ nǹkan kan, mo sì pa opó lára. Nítorí Jésù, dárí jì mí." Ọlọ́run tó gbọ́ ti olè lórí igi gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó dìde, ó kó àwọn káàdì náà wá, ó sì kó wọn sínú èédú tó pọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ló lọ sí ọsibítù. Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ náà dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Aránṣọ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Mà, káàdì ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo yí i, torí ẹ fi mí ṣẹ̀rín lójú àwọn èèyàn. Ìyàwó yín ò túmọ̀ ẹ̀ sódì. Mo parọ́ mọ́ òun náà."

Ìyá Àgbà wò ó pẹ́. "Nítorí apá aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Káfíńtà dìde, ó jáde. Ìyàwó rẹ̀ bo ojú. Ó pẹ́ kí Ìyá Àgbà tó rí èémí fi sọ̀rọ̀.

"Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún ọmọ yẹn. Èmi ti sọ ọ́ sú."

Ó na ọwọ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà figbe ta, ó sì fi aṣọ ìyá rẹ̀ bo orí. Aránṣọ fi eékún rìn lọ bá a, ó ní, "Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Ìyá Àgbà ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Èmi ni mo purọ́." Ó sọ ọ́ léraléra. Ọmọ náà kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Àgbà kò kú. Wọ́n dá a padà sínú yàrá rẹ̀ àtijọ́, aránṣọ sì ń lọ kí i. Ọmọ náà ń kí ìyá bàbá rẹ̀ láràárọ̀ báyìí. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí i. Kò tíì wọlé.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, gbọ́ mi. Ọlọ́run parí ẹjọ́ obìnrin yìí láàárín apẹ̀rẹ̀ aṣọ, kò sì sí ẹni tó máa tún un dá níwájú ìtẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó ti wá nígbà tí Ìyá Àgbà kí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá pákó, ọmọ yẹn kì bá tí pẹ́ nínú ìbẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ò ń lò fún àwáwí, ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀.

O lè ní ìwọ kì í wo káàdì. Ó dáa. Ta lo wá parọ́ mọ́? Ilé ta ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ti wọ̀ tí kò tíì jáde? O mọ̀ ọ́n. Orúkọ ẹni náà ti wá sí ọ lọ́kàn bí o ti ń ka gbólóhùn yìí.

Má sọ pé wàá kọ́kọ́ tún ayé rẹ ṣe. O ò lè tún un ṣe. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe wù kó rí, kí o sì sọ fún Jésù Kristi pé ìwọ ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Á gbà ọ́ lónìí. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.